Ìtàn Ayé Olóògbé Jacob Kehinde Coker, Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége

Ó yẹ kí a máa rántí àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú wa ní ilẹ̀ yìí, kí àwọn ọmọ wa má baà rò pé ńṣe ni ohun rere tí wọ́n bá nílẹ̀ hù fúnra rẹ̀. Ẹni tí a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe ajagun, kì í sì í ṣe àlùfáà. Oníṣòwò ni, àgbẹ̀ sì ni. Jacob Kehinde Coker ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí tí ó ti kú, àwọn tí ó fi ojú rí i kò sì pọ̀ mọ́ láàrin wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí igi kòkó ti ń so èso ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ní gbogbo ibi tí àwọn àgbẹ̀ sì ti ń jókòó pọ̀ láti ta irè wọn ní àtàpọ̀, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn òǹkàwé wa tí ń gbé ní Ajah, ní Lẹ́kkí àti ní Ìbẹ̀jù lè béèrè pé kí ni ó kan àwọn nínú ọ̀ràn kòkó. Òtítọ́ ni pé ilẹ̀ iyanrìn ni tiwọn, tí ó wà láàrin òkun àti ọ̀sà. Àgbọn ń ṣe dáradára níbẹ̀, iṣẹ́ ẹja pípa sì ti bọ́ àwọn baba ńlá wọn yó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ kòkó. Síbẹ̀, kí mọ́tò tó dé, ojú ọ̀sà wọn ni ọ̀nà ọjà. Ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ti Oǹdó a máa sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e lọ sí Èkó. Ní ọdún 2023, èbúté ńlá tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí ṣí ní Lẹ́kkí, ọjà ilẹ̀ òkè sì tún ń gba etí ilé wọn kọjá sí ìdálẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè tí Coker bá jìjàkadì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kàn wọ́n pẹ̀lú. Ìbéèrè náà ni pé, nínú owó tí a ń rí lórí irè oko, èló ni ó yẹ kí ó kan ẹni tí ó gbin ín?

Ní ọdún 1866 ni a bí Coker. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti Ìpòró ní Abẹ́òkúta; Jacob Osolu Coker, tí í ṣe Jagùnnà Ìpòró, ni baba rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tìkára rẹ̀ fi hàn pé ìbejì ni. Ayé kò rọrùn ní ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí a lé àwọn òyìnbó jáde kúrò nínú ìlú, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ sì sá wá sí Èkó. Ní ọdún 1877 ni ogun Kírìjì tún bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀; ọdún 1886 ni wọ́n tó fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ní gbogbo àkókò náà ọ̀nà a máa dí, a sì tún máa là. Bí ọ̀nà bá dí, epo àti èkùrọ́ kò ní lè dé Èkó, ọjà oníṣòwò a sì wó lulẹ̀. Nínú irú ayé yìí ni Coker dàgbà tí ó sì ń ṣòwò ní Èkó. Ó rí i pé ẹni tí kò ní ohun mìíràn ju ọjà tí ó ń rà tí ó sì ń tà lọ, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìgbésí ayé rẹ̀ wà.

A gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹlòmíràn kí a tó tẹ̀síwájú. Ọ̀gágun ojú omi James Pinson Labulo Davies, tí a bí ní ọdún 1828, ọmọ Ìjọ wa pàtàkì ní Èkó, jẹ́ ọlọ́rọ̀ tí òwò yí padà fún. Àdánù bá a, ó sì jẹ gbèsè ńlá. Nígbà tí ó bọ́ sínú ìpọ́njú yìí, ó kọ ojú sí ilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ó rí irúgbìn kòkó tí ó gba ojú òkun wá, ó sì dá oko ńlá sílẹ̀ ní Ìjàn, ní ẹ̀bá Agége. Oko yìí wà lára àwọn oko kòkó àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ wa, òun sì ni a mọ̀ sí orísun kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá. Davies kú ní ọdún 1906. Òun ni ó gbin èyí tí a kọ́kọ́ rí. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn ní.

Coker tẹ̀lé Davies lọ sí ìhà Agége, ó sì ní oko tirẹ̀ ní Ìjàn. Kì í ṣe oun nìkan ni. Àwọn oníṣòwò Èkó mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tí ó mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń fi agbára owó wọn ti àwọn kúrò nínú òwò. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ti rí fún àwọn ọmọ wa tí kò dé oko rí. Àgbẹ̀ a ṣán igbó, a fi àwọn igi ńlá díẹ̀ sílẹ̀ fún ìbòòji, a sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí àárín rẹ̀ kí oòrùn má baà pa kòkó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò fi dúró kí igi tó so. Nígbà tí ó bá so, a ó já a, a ó fọ́ ọ, a ó kó hóró rẹ̀ jọ, a ó sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà. A ó máa yí i nínú ewé náà, kí omi rẹ̀ lè rò, kí ó sì lè ní òórùn àti àwọ̀ tí ó yẹ. Lẹ́yìn èyí a ó sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ dáradára. Ẹni tí ó bá kánjú ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ti ba irè rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì ń fẹ́ owó lọ́wọ́, nítorí pé alágbàṣe ń jẹun láti ọdún kìíní, bẹ́ẹ̀ ni igi kò tíì mú kọ́bọ̀ wá.

Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní ọdún 1896 gba Agége kọjá. Nígbà tí ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí àwọn aláàárù di ohun tí a ń ṣe ní ọjọ́ kan. Àwọn àgbẹ̀ Agége sì jàǹfààní rẹ̀ gidigidi.

Nísinsìnyí a dé apá kan nínú ìtàn yìí tí ó kan Ìjọ wa, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Coker jẹ́ Wọ́dìnì ní ìjọ St. Paul, Breadfruit, ní Èkó, níbi tí James Johnson ti ṣe àlùfáà láti ọdún 1880. Ní ọdún 1900 a fi Johnson jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ìrànlọ́wọ́, ìjọ náà sì fẹ́ kí ó dúró lọ́dọ̀ wọn. Àwọn aláṣẹ, tí Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell jẹ́ olórí wọn, kò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn náà sì di èdè àìyedè tí kò ṣeé parí. Ní oṣù October ọdún 1901, Coker àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jáde kúrò ní Breadfruit, wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀ tí ó di African Church Bethel. Johnson tìkára rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ọ̀ràn náà, àwa kò sì ní dá ẹjọ́ rẹ̀ ní ojú ewé yìí. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ ni pé ìjọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ní ìlú òyìnbó ní láti bọ́ ara rẹ̀. Oko Agége ni ó bọ́ ọ. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ìyìn rere àti iṣẹ́ ọkọ́ pẹ̀lú àdá di ohun kan náà lójú Coker. Àwọn oníwàásù tí ó jáde láti Agége lọ sí ìlú òkè, bí wọ́n ti ń mú Bíbélì dání, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú ìmọ̀ kòkó dání pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dun àwọn àgbẹ̀ náà. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún kó tó rí èso kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nípa iye tí a ó rà á. Òyìnbó oníṣòwò ni ó ń dárúkọ iye. Alágbàtà a yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá kù ni ti àgbẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá bo kòkó rẹ̀ tí ó sì sá a gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì mú èyí tí ó tutù tí ó sì bu wá, iye kan náà ni alágbàtà yóò san fún àwọn méjèèjì, yóò sì da ọjà wọn pọ̀ sínú àpò kan. Kí ni yóò mú kí ẹni rere máa ṣe rere lọ? Bí ó bá tún di ìgbà òjò, tí oúnjẹ wọ́n, tí owó ilé ìwé ọmọ sì dé, àgbẹ̀ a gba owó lọ́wọ́ alágbàtà lórí kòkó tí kò tíì pọ́n. Nígbà tí ó bá pọ́n, kò ní ọlá láti wá ẹlòmíràn tí yóò rà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó dá nìkan wà kò lè bọ́ nínú èyí, nítorí pé ẹrù rẹ̀ kéré, oníṣòwò kò sì nílò rẹ̀.

Coker rí i pé àìsàn yìí kò ní oògùn mìíràn ju ìṣọ̀kan lọ. Ní ọdún 1907 a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀, tí a mọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Agege Planters' Union. Òun ni a fi ṣe alága. Àwọn Yorùbá ti mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ tipẹ́, tí àgbẹ̀ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú oko. Wọ́n sì mọ èsúsú, tí a fi ń kó owó jọ. Ohun tí ó jẹ́ titun nínú ẹgbẹ́ yìí ni pé ó fa ìrẹ́pọ̀ náà kọjá ààlà oko dé ẹnu ọ̀nà ọjà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa pàdé láti kọ́ ara wọn ní bí a ti ń gbìn, bí a ti ń bò ó, àti bí a ti ń sá a, kí orúkọ kòkó wọn má baà bàjẹ́ ní òkè òkun. Wọ́n a máa fi ohùn ṣọ̀kan nípa àwọn alágbàṣe, wọ́n sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́, kì í ṣe bí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìtàn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà, orúkọ ẹgbẹ́ yìí ni a máa ń kọ́kọ́ dá, pẹ̀lú ti àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá àti ti Ìbàdàn.

Àwa gbà pé iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ Coker ni pé kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí ogun parí ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní iṣẹ́ mọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Agége láti ilẹ̀ Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó láti wá ṣe alágbàṣe. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n gba owó, wọ́n sì fi ojú kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ sí ilé, hóró kòkó wà nínú ẹrù wọn. Ọlọ́rọ̀ mìíràn ìbá ti dí ọ̀nà yìí, nítorí pé bí kòkó bá pọ̀ ní òkè, ti Agége yóò pàdánù iyì rẹ̀. Coker kò dí i. Ńṣe ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rán àwọn ènìyàn jáde láti lọ kọ́ni. Ẹ wo èso rẹ̀: ní ọdún 1900 kòkó tí ó jáde láti ilẹ̀ wa kò ju nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù lọ. Ní ọdún 1910 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Ní ọdún 1920 ó di nǹkan bí 17,000, nígbà tí ó sì di ọdún 1930 ó ti lé ní 50,000. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, tí olúkúlùkù wọn ní oko díẹ̀ nínú igbó kìjikìji, ni wọ́n gbin èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

A kò fẹ́ fi òróró kun ìtàn yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹgbẹ́ Agége jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀gá oko ń darí. Nígbà tí ó bá ń fi ohùn ṣọ̀kan lórí owó ọ̀yà, àwọn tí ń san owó ni ó jókòó. Àwọn tí ń gbà á kò sí níbẹ̀. Ìrẹ́pọ̀ tí ó gba àgbẹ̀ ńlá lọ́wọ́ oníṣòwò lè di àjàgà ní ọrùn alágbàṣe, bí a kò bá ṣọ́ra. Àwọn alágbàṣe náà dáhùn ní ọ̀nà tiwọn: ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n padà lọ sí ilé, wọ́n dá oko tiwọn, wọ́n sì di olúwa ara wọn. Ohun tí Agége kò fún wọn ní owó, ó fún wọn ní ìmọ̀, èyí sì tọ́jọ́ ju owó lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò dé. Nígbà ogun ńlá ti ọdún 1914 sí 1918, ọkọ̀ òkun ṣọ̀wọ́n, ọjà sì dúró gbagidi. Nígbà tí ogun parí, owó kòkó fò sókè lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn yá owó, wọ́n fẹ oko, wọ́n kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1920 tó parí, owó náà já lulẹ̀, gbèsè sì wà ní ọrùn àwọn tí ó yá a. Àwọn àgbẹ̀ ńlá Agége ni ó kọ́kọ́ fi ara gbá a, nítorí pé àwọn ni wọ́n ní alágbàṣe púpọ̀ láti san owó fún. Àgbẹ̀ kékeré tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ lè jẹ iṣu oko rẹ̀ títí ìjì yóò fi kọjá. Pẹ̀lú èyí, ilẹ̀ Agége kò lọ́ràá fún kòkó tó ilẹ̀ òkè, igi ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Obì gbànja ni ó rọ́pò rẹ̀, Agége sì di ọjà obì tí àwọn Hausa ń wá láti òkè ọya. Báyìí ni ògo kòkó ṣe kúrò ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí Agége kọ́.

Ọlọ́run fún Coker ní ẹ̀mí gígùn láti rí i tí èrò rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn dìde. Láti ọdún 1922 wá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń kó àwọn àgbẹ̀ kòkó jọ láti máa tọ́jú irè wọn kí wọ́n sì máa tà á pọ̀. Nígbà tí ó yá, ìjọba pe C. F. Strickland, ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Íńdíà, kí ó wá yẹ ọ̀ràn náà wò. Ó parí ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1934. Ní ọdún 1935 a ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Major E. F. G. Haig sì ni a fi ṣe olùforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ Gbẹ́dùn ní ilẹ̀ Ìbàdàn wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Ìyàtọ̀ kan wà láàrin ẹgbẹ́ wọ̀nyí àti ti Agége, ó sì yẹ kí a fi ọkàn sí i. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tí ó ní àpò kòkó kan àti ẹni tí ó ní ọgọ́rùn-ún, ohùn kan ṣoṣo ni olúkúlùkù wọn ní. A ń wọn ọjà lójú gbogbo ènìyàn. A ń ya èyí tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára, a ń tà á ní ọ̀pọ̀, a sì ń pín èrè gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti mú wá. A ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó ní ìgbà òjò, kí ó má baà lọ ta kòkó rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lórí igi. Àìsàn tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òkè ni a fi oògùn yìí wò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Kò sì pẹ́ tí ó fi hàn pé oògùn náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1937 àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, àti ní Nàìjíríà bá ara wọn dá májẹ̀mú láti má ṣe bá ara wọn du ọjà mọ́. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n kọ̀ láti ta kòkó wọn títí di oṣù April ọdún 1938. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ tí William Nowell jẹ́ olórí rẹ̀ wá láti wádìí ọ̀ràn náà, ìgbìmọ̀ náà sì dá àwọn oníṣòwò lẹ́bi nípa májẹ̀mú wọn. Ohun tí Coker ti ń wí láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni gbogbo ayé wá rí: bí àwọn tí ń rà bá ń rẹ́ pọ̀, tí àwọn tí ń tà kò sì rẹ́ pọ̀, ẹjọ́ àwọn tí ń tà ti bàjẹ́ kí a tó gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1945 ni Coker sùn nínú Olúwa. Ó fi Agége sílẹ̀, ó fi ìjọ ńlá sílẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé sílẹ̀. Ní ọdún kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa kó kòkó ránṣẹ́ sí òkè òkun fúnra wọn. Ní ọdún 1947 ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó sílẹ̀, èyí tí ń dárúkọ iye kan fún gbogbo ọdún. Ní ọdún 1953 àwọn ẹgbẹ́ náà ní báńkì tiwọn ní Ìbàdàn, ní ọdún 1965 sì ni a ṣí Ilé Kòkó ní ìlú náà. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1986, ìjọba fọ́n ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká, àgbẹ̀ sì tún di ẹni tí ń dá bá oníṣòwò pàdé, àfi bí ó bá ní ẹgbẹ́.

Ẹni tí ó bá wá oko Ìjàn àti ti Agége lónìí, ilé àti títì ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí ní Ajah, níbi tí ilé ti gba ipò oko àgbọn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó mú kí a dá ẹgbẹ́ Agége sílẹ̀ kò tíì kú. Ní ọdún 2024 owó kòkó ní ọjà ayé gòkè kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, síbẹ̀ àgbẹ̀ tí ó ti gba owó ṣáájú lọ́wọ́ alágbàtà kò fi ọwọ́ kan ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ìlú Yúróòpù tí ó para pọ̀ sì ṣe òfin ní ọdún 2023, pé àwọn kò ní ra kòkó tí a gbìn sí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọdún 2020, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú. Ẹni tí ń tà á ní láti fi ẹ̀rí hàn nípa oko tí ó ti wá. Èwo nínú àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ni ó lè dá wọn ilẹ̀ rẹ̀, kí ó yà á sínú àwòrán, kí ó sì tọ́jú ìwé rẹ̀? Bí wọ́n bá wà nínú ẹgbẹ́, ẹnì kan lè ṣe é fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Igbó tí wọ́n bá dá sí, tí wọ́n fi ìbòòji rẹ̀ bo kòkó gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti ṣe, yóò sì di owó fún wọn dípò àdánù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rántí Jacob Kehinde Coker gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jáde kúrò ní Breadfruit nìkan, tàbí gẹ́gẹ́ bí ọlọ́rọ̀ kan tí ó ní oko ńlá. Àwọn tí ó ní oko ńlá pọ̀, a sì ti gbàgbé orúkọ wọn. Òun ni ó mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, tí ó sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó. Òun ni kò sé ilẹ̀kùn ìmọ̀ mọ́ àwọn tí ó wá gba owó ọ̀yà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìlú yín, bóyá ẹja ni ẹ ń tà, bóyá àgbọn, bóyá ẹ̀fọ́ inú ọgbà kékeré ní ẹ̀yìn ilé, ẹ wo ẹni tí ń dárúkọ iye fún yín, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá ẹ ti jókòó pọ̀ rí láti fún un ní èsì.